Olóhùn Inú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọ̀sán gangan ni Ẹ̀gbọ́n lọ bá Alágbo. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a máa dúró kí ilẹ̀ ṣú, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ni ìdílé wọn máa ń péjọ láti fi orin dánra wò, bí ẹnì kan bá sì dín, ariwo ni. Ó fi ìborùn bo orí, ó gba ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kan níbi tí ẹ̀rọ ti ń ké láìsinmi, ó wọ ọ̀nà tóóró kan tí omi aṣọ tútù ń kán síni lọ́rùn. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kan wà nínú àpò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ àpò náà mọ́ra bí ẹni tó gbé ẹyin.

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan àwọn tó dàgbà jù ú lọ. Òun ni àkọ́bí ilé olórin. Bàbá wọn kọrin títí ó fi kú, ìyá wọn kọrin títí èémí rẹ̀ fi ń kúrú, arákùnrin wọn kan ṣoṣo ń ta gìtá. Àbíkẹ́yìn wọn ni ayé mọ̀. Oyin ni wọ́n ń pè é nítorí ohùn rẹ̀. Àwòrán Oyin ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ìgboro, Oyin ni wọ́n ń pariwo, ẹ̀yìn Oyin sì ni Ẹ̀gbọ́n ń dúró sí, tí yóò máa gbe orin fún un.

Alágbo jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ewé. Kò gbójú sókè.

"Ta ni?"

"Àbúrò mi ni, mà."

"Ọmọ ìyá?"

"Ọmọ ìyá, ọmọ bàbá."

"Kí lo fẹ́ kó ṣe é?"

"Kó má kú o. Kí ohùn rẹ̀ kàn dákẹ́ ni."

Alágbo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin olójú àánú. Ẹ ó ní ká bẹ́ ẹ lórí, ẹ ó tún ní kó má dùn ún. Èmi ò fẹ́ èékánná, mi ò fẹ́ irun. Ohùn la fẹ́ dè, ohùn ni kí o mú wá."

Ẹ̀gbọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé e lọ́wọ́. Bàbá wọn ló gba ohùn inú rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọdé kan ló ń kọrin níbẹ̀, òun nìkan, láìsí gìtá. Nígbà tí àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀, òun ni ó ń gbọ́ láàárọ̀, òun ni ó ń gbọ́ lálẹ́. A dijú, a ní, "Ohùn yìí ni yóò gbé ilé yìí ga." Ẹ̀gbọ́n a dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ a máa gbóná, a sì kúrò níbẹ̀ kí orin tó parí. Ní gbogbo ọdún tí òun fi ń kọrin nínú ilé yẹn, òun kò rí i kí bàbá gba ohùn òun sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó dùn ún jù láyé nìyẹn, kò sì sọ ọ́ fún ẹnì kankan rí.

Alágbo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sétí, ó fetí sí i pẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ẹ̀rọ tó ń lù ú.

"Ó dá ọ lójú pé ohùn ẹni tí à ń wí nìyí?"

"Ó dá mi lójú bí orúkọ mi, mà."

"Èmi ò bá orúkọ ṣe o. Oògùn yìí ò mọ orúkọ, kò mọ ojú. Ohùn nìkan ló mọ̀."

Ó fi ọ̀bẹ tú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fa okùn rẹ̀ jáde, ó so orí okùn mọ́ àgádágodo dúdú kan tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Àgádágodo náà ń rùn bí irin tí òjò ti pa fún ọdún gbọọrọ.

"Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó kọrin, wé díẹ̀ nínú okùn yìí mọ́ ọn. Wí pé, 'Olóhùn inú okùn, dákẹ́.' Ọjọ́ tí okùn bá tán, tì í pa, kí o jù ú sódò. Ohun tí odò bá sì gbé mì, má wá bá mi pé ká lọ gbà á."

"Kí ni màá san, mà?"

Alágbo padà sídìí ewé rẹ̀. "Máa lọ. Ẹni tí iṣẹ́ mi bá jẹ́ fún máa ń padà wá fúnra rẹ̀."

*

Ìlànà kan wà tí bàbá wọn fi lélẹ̀ kó tó kú. Nínú ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mú ohùn láti ara gìtá. Ó ní wáyà lásán ni gìtá, ara ènìyàn ni ènìyàn ti ń gba ohùn. Nítorí náà, kí orin tó bẹ̀rẹ̀, àgbà á fẹnu sún mọ́ etí àbúrò, á kùn wẹ́rẹ́ sí i létí, àbúrò á sì gbé orin láti ibẹ̀. Fífún ni lóhùn ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà tí Oyin ti mọ orin í kọ, Ẹ̀gbọ́n ló ń fún un lóhùn. Kò kọ orin kan rí lójú ènìyàn láìjẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ kùn ún sí i létí.

Ní àsìkò tí à ń wí yìí, wọ́n ti pe Oyin sí gbọ̀ngàn ńlá, gbọ̀ngàn tí bàbá wọn fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ọ̀nà dé tí kò dé. Bó bá dára níbẹ̀, àwọn tó ń gbé olórin lọ káàkiri ayé yóò mú un. Bí kò bá dára, ìtìjú rẹ̀ yóò kárí ilé.

Ìrọ̀lẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ wé okùn, wọ́n ti àga pálọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri bí ìṣe wọn. Ó dúró lẹ́yìn Oyin, ó kùn sí i létí. Oyin gbé orin. Kò tíì dé ìdajì tí ohùn rẹ̀ fi yẹ̀, tó já wálẹ̀ gbì. Onígìtá dáwọ́ dúró.

"Àbúrò, ibo lo gbà lọ yẹn?"

"Mi ò mọ̀," ni Oyin wí. Ó fọwọ́ kan ọ̀fun. "Ẹ jẹ́ ká tún un gbé."

Wọ́n tún un gbé, ó tún já. Lórí tábìlì, ife omi ìyá wọn sán fúnra rẹ̀ láti òkè délẹ̀, omi ń jò lọ sí etí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n wo ife náà. Oògùn ti jẹ́! Inú rẹ̀ dùn, ayọ̀ náà sì ń bà á lẹ́rù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀fìnkìn ń mú yín ni?" ni Onígìtá bi í. "Ohùn yín ń ha."

"Eruku ni," ló fi dá a lóhùn.

Kò tilẹ̀ ronú sí i. Láti ọdún yìí wá, ohùn Oyin nìkan ni etí rẹ̀ ń ṣọ́. Ó ti pẹ́ tó ti fetí sí ara rẹ̀ gbẹ̀yìn.

*

Oyin kò lè sùn mọ́, kò sì lè jẹun. Ẹyẹ kan ń wá forí sọ fèrèsé yàrá rẹ̀ láràárọ̀, ibì kan náà, títí ẹ̀jẹ̀ fi wà lára dígí. Bó bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dá ṣáká. Bó bá ti di orin pẹ̀lú ìdílé, á já. Ẹni tó ń rán aṣọ rẹ̀ ló júwe Onígbàjámọ̀ fún un. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù gbígẹ irun ni wàá rí. Má jẹ́ kíyẹn tàn ọ́."

Lóòótọ́, àga kan tó ń yí ló bá níbẹ̀, dígí gbọ̀ọ̀rọ̀ kan àti irun àwọn ẹlòmíràn nílẹ̀. Ọkùnrin náà gbá irun jọ, ó fa kọ́tìnì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá, wọ́n ń dè mí lóhùn. Ẹ gbà mí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ara mi ni, sà. Bí mo bá fẹ́ gbé orin, ó dà bí ẹni pé wọ́n yọ àtẹ̀gùn lẹ́sẹ̀ mi."

Onígbàjámọ̀ fi nǹkan pa dígí lára. Dígí náà ṣókùnkùn, kò fi ojú ẹnikẹ́ni hàn mọ́. "Sún mọ́ ọn. Kọrin sí i."

Oyin kọrin. Èémí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ dígí, ó funfun, ó gbòòrò, kò sì parẹ́ títí ọkùnrin náà fi fi aṣọ nù ún. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ohùn tìrẹ pé. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Kí ló wá ń ṣe mí, sà?"

"Wọ́n ń de ohùn kan nínú ilé yín. Tìrẹ kọ́. Ohùn ta lò ń tẹ̀ lé?"

 Oyin rántí bí ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń dé etí òun láti ọjọ́ mélòó kan, bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Ó di orí àga mú.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń ṣe! Bàbá, ta ni?"

"Dígí kì í fi ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn." Ó yọ ìgò pẹ́ńpẹ́ kan láti inú àpótí abẹ. "Ẹni tí wọ́n ń dè ni kó mu èyí, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mu ún, kí ìdè náà tó parí. Má fipá fún un, má dọ́gbọ́n bù ú mọ́ omi. Ohun tí ènìyàn kò bá finú fẹ́ kò lè tú u. Ẹyọ kan yìí náà ni mo ní. Bí wọ́n bá yíjú sí ìwọ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí òmíràn."

"Kí wọ́n yíjú sí mi," ni Oyin wí. "Òun ló kọ́ mi lórin."

*

Ó bá Ẹ̀gbọ́n ní ilé ìdáná, ó kúnlẹ̀, ó na ìgò náà sí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu eléyìí."

Ẹ̀gbọ́n wo ìgò, ó wo ojú àbúrò rẹ̀ tó ti rù. "Kí ni?"

"Ẹ má bi mí. Ẹ ṣáà mu ún nítorí mi."

Ó ti mọ̀! Èrò tó sọ sí Ẹ̀gbọ́n lọ́kàn nìyẹn. Ó ti mọ̀, ó ti lọ wá èyí tí yóò fi pa mí, ó sì ń kúnlẹ̀ fún mi. Ìwà ìkà ni Ẹ̀gbọ́n fi ń wọn ìfẹ́ àbúrò rẹ̀. Ẹni tó bá ti ju òkò sọ́jà, ẹ̀rù ará ilé rẹ̀ ni yóò máa bà á.

"Gbé e kalẹ̀. Màá mu ún bí mo bá jẹun tán."

"Ẹ fi bàbá wa búra."

"Mo fi bàbá wa búra." Ohùn rẹ̀ ha bí ìgbà tí wọ́n ń fa àga nílẹ̀.

Bí Oyin ṣe jáde ló da ohun inú ìgò náà sínú ìkòkò òdòdó ojú fèrèsé, òdòdó tó ti gbẹ láti ìgbà tí bàbá ti kú, tí ìyá kò jẹ́ kí wọ́n gbé dànù. Ó fọ ìgò, ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó gba ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé lọ.

"Ó ti wá oògùn, mà," ló wí fún Alágbo. "Ó gbé e wá fún mi pé kí n mu."

"Báwo ló ṣe ń rùn?"

"Bí oyin."

Alágbo dáwọ́ dúró. "Níbo ló wà?"

"Mo ti dà á nù."

Obìnrin náà wo ọrùn rẹ̀. "Ohùn rẹ ń lọ. Ṣé o mọ̀?"

"Ọ̀fìnkìn ni, mà."

"Hẹn," ni Alágbo wí. Ó gbé àpótí rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níta.

Ó yẹ kí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n yà padà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlara kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ràn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìlọ́po méjì okùn ló wé.

*

Ọjọ́ gbọ̀ngàn pé. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, gbogbo títì ń dán. Ẹ̀gbọ́n ti yàrá rẹ̀ pa, ó wé èyí tó kù nínú okùn títí ìka rẹ̀ fi kan òpin rẹ̀. "Olóhùn inú okùn, dákẹ́." Afẹ́fẹ́ lásán ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde. Ó tẹ ẹnu àgádágodo, ó dún kà! Nǹkan kan lọ́ lọ́rùn rẹ̀ bí ẹni fún aṣọ, ó sì tú u sílẹ̀. Ó fọwọ́ pa ọrùn, ó ní ẹ̀rù lásán ni.

Bó ṣe ń gba ilé ìdáná jáde, ó rí òdòdó ojú fèrèsé. Ewé rẹ̀ ti tutù yọ̀yọ̀, ó ti yọ òdòdó tuntun mẹ́ta. Ó dúró níwájú rẹ̀. Oró kì í jí òkú ewé. Ohun tí ó mọ̀ nìyẹn, ó sì yára kúrò níbẹ̀ kí ìmọ̀ náà má bàa bá a sọ̀rọ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níbi afárá. Odò kún fún òjò, ó pọ́n, ó ń ru igi gbẹ lọ. Ó ju àgádágodo náà sínú rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀.

*

Ní yàrá ìmúra lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ariwo àwọn ènìyàn ń gba ara ògiri wọlé. Oyin ti wọṣọ. Ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpò rẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀, ó ń kó o padà.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń wá?" ni Onígìtá bi í.

"Kásẹ́ẹ̀tì bàbá yín ni. Mo ti bá àwọn tó ń mójú tó ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ pé òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ lù. Mo fẹ́ fi ya àkọ́bí mi lẹ́nu, mo sì fi í sínú àpótí mi. Tàbí ogbó ló ń ṣe mí?"

Ẹ̀gbọ́n yíjú padà láti iwájú dígí.

"Àkọ́bí mi, má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lò ń kọrin nínú rẹ̀, àbí o ò mọ̀? Oyin ò tíì sí nínú ikùn mi nígbà yẹn. Bàbá rẹ pè ọ́ sí yàrá, ó fi rédíò pamọ́ sábẹ́ aṣọ kí ojú má bàa tì ọ́. O húkọ́ níparí, ó ní, 'Ó tó, àkọ́bí mi.' Ibẹ̀ ló máa ń pa á lẹ́rìn-ín jù. Èmi rò pé o mọ̀. Àṣé o kì í dúró gbọ́ ọ dópin? Òótọ́ ni pé ohùn kan náà ni gbogbo yín ní lọ́mọdé, àmọ́ èmi ni mo bí yín, n kò lè ṣì í."

Ilẹ̀ yí mọ́ Ẹ̀gbọ́n lójú. Gbogbo ọdún yẹn, òun ni bàbá ń dijú gbọ́. Òun ni yóò gbé ilé ga. Ó fẹ́ pe "Ìyá," ó sì la ẹnu. Nǹkan kan kò jáde.

Ẹnì kan kanlẹ̀kùn pé àkókò ti tó.

*

Iná gbọ̀ngàn funfun, kò jẹ́ kí wọ́n rí ojú àwọn ènìyàn. Oyin dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ ọn lẹ́yìn bí ìṣe wọn, ó fẹnu sí i létí, ó sì fi gbogbo agbára inú rẹ̀ kùn.

Èémí gbígbóná lásán ni Oyin gbọ́.

Ó dúró.  Onígìtá gbójú sókè, ìka rẹ̀ wà lórí wáyà. Ẹ̀gbọ́n tún gbìyànjú, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà náà ni Oyin yíjú sẹ́yìn. Ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fẹnu sí i létí, ó sì fún un lóhùn. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdílé wọn, kí àbúrò fún àgbà. Ohùn náà wọ Ẹ̀gbọ́n lára, ó sì mọ̀ ọ́n. Bí ọmọdé inú kásẹ́ẹ̀tì ṣe ń gbé orin gan-an nìyẹn, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ Oyin. Kò sí ibòmíràn tó ṣẹ́ kù sí láyé mọ́.

Oyin kọjú sí àwùjọ, ó gbé orin láti inú ara òun fúnra rẹ̀. Kò já, kò yẹ̀. Nígbà tó parí, àwọn ènìyàn dìde dúró, ariwo wọn mi òrùlé. Wọ́n rò pé gbogbo rẹ̀ wà lára eré.

*

Nígbà tí wọ́n padà sí yàrá ìmúra, Oyin ń sunkún, ó di Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú.

"Ẹ mu ún àbí ẹ ò mu ún? Kò burú. Mo ti mọ̀ pé wọ́n ń ṣe yín, mo kàn ń bẹ̀rù láti sọ ni. Mo fi bàbá wa búra, màá wá ẹni náà rí. Màá mú un jáde síta gbangba."

Ẹ̀gbọ́n gbọn orí. Ó na ìka sí àyà ara rẹ̀. Ó tún nà á, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà títí ó fi dùn ún.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n dè," ni Oyin wí, ó sì gbá a mọ́ra. "Ẹ sinmi, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ní igun yàrá, ìyá wọn ṣì ń tú àpò, ó ń bi ara rẹ̀ ta ló lè gbé kásẹ́ẹ̀tì ọmọ òun. Pẹ́ńsùlù ìkunjú wà lórí tábìlì níwájú dígí, bébà ìnujú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rí wọn láti èjìká àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tó wọn láti kọ òótọ́ sílẹ̀. Kò mú wọn.